Ta Ló Ni Ọjà Náà Báyìí? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Títà, Rírà àti Ìní ní Ṣómólú àti Bàrígà

 

Kò sí ọmọ Èkó tí kò mọ àwàdà ará Ṣómólú tí ó ta mọ́tò mẹ́ta, tí ó fi ra kẹ̀kẹ́ kan. Bí wọ́n bá fẹ́ fi èèyàn ṣẹ̀sín, wọ́n á ní orí rẹ̀ pé bíi ti ọkùnrin yẹn. Mi ò wá gbèjà rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí òfin ṣe máa wo ọ̀rọ̀ náà. Kóòtù kì í bi ẹni tí ó tajà pé ṣé ó gbọ́n ni àbí ó gọ̀. Bí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá bá fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ta ọjà rẹ̀ ní pọ́ọ́kú, tí kò sí jìbìtì níbẹ̀, ó ti tà á nìyẹn. Ohun tí kóòtù máa bi í ni pé: ìgbà wo gan-an ni mọ́tò yẹn kúrò ní tìrẹ, tí ó di ti ẹni tí ó rà á? Ká ní iná jó o kí oníbàárà tó wá gbé e, òfò ta ni? Ká ní owó kò tíì pé, tí àwọn tí oníbàárà jẹ ní gbèsè sì wá gbẹ́sẹ̀ lé e, ta ni wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní rẹ̀?

Ìbéèrè yẹn ni mo bá wá sọ́dọ̀ yín. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ìgbà tí a bá sanwó ni ọjà di tiwa. Àwọn mìíràn ní ìgbà tí a bá gbé e délé ni. Òfin ní kì í ṣe èyí, kì í sì í ṣe tọ̀hún. Ìgbà tí olùtà àti olùrà bá jọ fẹnu kò sí pé kí ọjà di ti olùrà ni. Bí wọn kò bá sì fẹnu kò sí nǹkan kan, òfin ti ní ìlànà tí yóò fi bá wọn pinnu, ìlànà náà sì lè ya èèyàn lẹ́nu.

Òfin tí mò ń sọ yìí ti pẹ́. Ní 1893 ni àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ìdájọ́ àwọn kóòtù wọn lórí kárà-kátà jọ sínú ìwé òfin kan tí wọ́n pè ní Sale of Goods Act. Nígbà tí ìjọba amúnisìn ń to kóòtù tiwa, wọ́n ní gbogbo òfin tí ó kan tẹrú-tọmọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900 di òfin níbí náà. Ọ̀nà yẹn ló gbà wọlé. Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin títa ọjà tirẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí i, ọ̀rọ̀ 1893 náà ni ẹ máa bá níbẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti pa tiwọn dà ní 1979. Àwa ṣì ń jẹun nínú abọ́ àtijọ́.

Ohun méjì péré ni mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ kí a tó máa lọ. Èkínní, owó ni òfin yìí mọ̀. Ẹni tí ó gbé jẹnẹrétọ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó sì gba fóònù dípò rẹ̀, pàṣípààrọ̀ ló ṣe, òfin títa ọjà kọ́ ló kọ́kọ́ kàn án. Èkejì, àdéhùn ẹnu tó. Bí ẹ kò bá kọ nǹkan kan sílẹ̀, àdéhùn yín ṣì jẹ́ àdéhùn. Àti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níwájú adájọ́ ló máa ń di wàhálà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a lọ sí òpópó Shipeolu ní Ṣómólú.

Òǹtẹ̀wé kan wọ ṣọ́ọ̀bù oníbébà lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Ó tọ́ka sí ríìmù 40 tí wọ́n tò sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó ní, "Alhaja, àwọn tí ó wà nílẹ̀ yìí ni mo rà o. Ẹ má tà wọ́n fún ẹlòmíràn. Mo ń bọ̀ ní Mọ́ńdè pẹ̀lú owó àti ọkọ̀." Alhaja ní kò burú, wọ́n ti dúnàádúrà, iye ti yé àwọn méjèèjì. Kò sí kọ́bọ̀ kan tí ó yọ nínú àpò. Lóru ọjọ́ Sátidé, òjò ńlá rọ̀, gọ́tà kún, omi wọlé, bébà sì di àkàrà tí wọ́n rì sínú omi. Ẹni tí ó bá ti gbé àdúgbò yìí rí mọ̀ pé irú òjò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlọ́. Òfò ta ni?

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní òfò Alhaja ni: ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ọjà wà, kò sì tíì gbowó. Ìlànà inú òfin ní òfò òǹtẹ̀wé ni. Bí ọjà bá jẹ́ èyí tí a lè nàka sí pé òun nìyí, tí ó ti wà ní sẹpẹ́ láti gbé, tí àdéhùn kò sì ní ohun tí a kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ṣe, ó ti di ti olùrà ní ìṣẹ́jú tí wọ́n fẹnu kò. Kò já mọ́ nǹkan kan pé owó ṣì ń bọ̀. Kò já mọ́ nǹkan kan pé ọkọ̀ kò tíì wá gbé e. Ẹni tí ó bá sì ni ọjà ló ni òfò rẹ̀, àfi bí wọ́n bá jọ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Alhaja lè béèrè owó bébà tí omi ti bàjẹ́, kí ó sì gbà á.

Kí ẹ tó bínú sí òfin, ẹ yí i wò lódì kejì. Ká ní òjò kò rọ̀, ṣùgbọ́n dọ́là fò sókè láàárín Ẹtì sí Ajé, tí ríìmù sì gbówó lórí. Alhaja kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé iye ti yí padà. Bébà ti kúrò ní tirẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tí òfin gbé òfò fún náà ló gbé èrè fún. Ohun tí Alhaja lè ṣe ni kí ó di bébà náà mú títí owó yóò fi wọlé, nítorí ẹni tí a kò tíì sanwó fún lẹ́tọ̀ọ́ láti má jẹ́ kí ọjà jáde. Bí ó bá sì rí omi tí ń bọ̀, tí ó gbé ọjà tirẹ̀ sórí tábìlì, tí ó fi ti òǹtẹ̀wé sílẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí pé ọjà ẹni ẹlẹ́ni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ó sì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé àwọn adájọ́ náà rí i pé ìlànà yìí le. Nínú ẹjọ́ Ward àti Bignall tí wọ́n dá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967, Adájọ́ Diplock sọ pé láyé òde òní, nǹkan kékeré báyìí ti tó láti fi hàn pé ohun tí àwọn méjèèjì ní lọ́kàn ni pé kí ọjà di ti olùrà nígbà tí ó bá sanwó tàbí nígbà tí ó bá gbé e. Ìmọ̀ràn tí mo rí fà yọ níbẹ̀ kò pọ̀: ẹ sọ nǹkan kékeré náà jáde. Gbólóhùn kan lẹ́nu Alhaja, "Ọjà ò tíì di tìẹ títí o fi máa sanwó," ì bá ti gba òǹtẹ̀wé wa lọ́wọ́ òjò. 

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a yí ìtàn náà díẹ̀. Òǹtẹ̀wé kò nàka sí ohunkóhun. Ó ní, "Ẹ bá mi yọ ríìmù 40 nínú àwọn tí ó wà ní wèhásì." Ó sanwó tán pátápátá, ó gba rísíìtì, ó lọ. Ẹni yìí ló rò pé òun ti ra ọjà. Òfin ní kò tíì ní bébà kankan. Èwo nínú ọgọ́rùn-ún ríìmù tí ó wà níbẹ̀ ni tirẹ̀? Títí wọ́n yóò fi yà á sọ́tọ̀ pẹ̀lú ìfọwọ́sí àwọn méjèèjì, ìlérí ló rà. Bí omi bá wọ wèhásì, òfò Alhaja ni. Ṣùgbọ́n bí gbèsè bá wọ wèhásì ńkọ́? Ẹjọ́ kan wà tí wọ́n dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927, tí wọ́n ń pè ní Re Wait. Wọ́n ra 500 tọ́ọ̀nù àlìkámà nínú 1,000 tọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé bọ̀, wọ́n sanwó, olùtà sì wọ gbèsè kí wọ́n tó pín ẹrù náà. Kóòtù ní àlìkámà yẹn kì í ṣe ti àwọn olùrà. Kí wọ́n lọ tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn yòókù tí onígbèsè jẹ lówó. Nítorí náà, bí ẹ bá ti sanwó, tí ẹ kò sì lè gbé ọjà lọ́jọ́ náà, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ sọ́tọ̀ níṣojú yín, kí ẹ fi máákà kọ orúkọ yín sí i lára. Máákà yẹn níye lórí ju rísíìtì lọ lọ́jọ́ tí nǹkan bá dojú rú.

Mashíìnì ni ó tún kàn. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà níbí ló mọ Heidelberg àlòkù tí ń ti Jámánì dé: Kord, GTO, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Àwọn kan nínú wọn ti wà lórí kọnkéré láti ìgbà tí ọ̀gá tí ó ra wọ́n ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọ̀gá yìí fẹ́ ta Kord rẹ̀. Olùrà dé, ó gbọ́ ìró rẹ̀, ó sanwó. Ọ̀la ni wọ́n máa tú u nílẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń fi ṣéènì gbé e, ṣéènì já, mashíìnì lulẹ̀, fíréèmù sán. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn lọ́rùn. Olùtà ní, "O ti sanwó, tìẹ ló fọ́." Olùrà ní, "Mi ò tíì gbé e."

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 1922, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ẹjọ́ Underwood àti ilé iṣẹ́ Burgh Castle Brick and Cement. Ẹ́ńjìnì ńlá kan ni wọ́n tà, ó tó 30 tọ́ọ̀nù, wọ́n ti rì í mọ́ kọnkéré. Àdéhùn wọn ni pé olùtà ni yóò tú u, tí yóò sì gbé e sórí ọkọ̀ ojú irin. Ó fọ́ níbi tí wọ́n ti ń gbé e. Kóòtù ní kò tíì di ti olùrà, nítorí olùtà ṣì ní iṣẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ ṣe lára rẹ̀ kí ó tó wà ní sẹpẹ́ láti gbé. Òfò olùtà ni. Tí a bá gbé e wá sí Ṣómólú, ìbéèrè tí ó gbé ẹjọ́ dúró ni pé: ta ni ó gbà láti tú mashíìnì náà? Bí olùtà bá jẹ́ ẹni tí yóò tú u, òun ló ni ewu títí yóò fi kúrò lórí kọnkéré. Bí olùrà bá ní, "Èmi àti àwọn ọmọ mi la máa wá tú u bó ṣe wà yẹn," ó ṣeé ṣe kí ó ti di tirẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n fẹnu kò. Àwa kì í sábà sọ ọ́. A máa ń gbọ́ owó mashíìnì, a kì í gbọ́ owó títú.

Ti àwọn tí ń ra irin àjákù nínú ilé ìtẹ̀wé kò gba àkókò: bí iye rẹ̀ bá dá lórí ìwọ̀n, tí olùtà sì ni yóò wọ̀n ọ́n, kò tíì di ti olùrà títí yóò fi gorí òṣùwọ̀n, tí wọ́n sì sọ fún olùrà pé ó ti tán.

Ẹ̀yin òǹtẹ̀wé, ó ku èyí tí ó kàn yín jù. Nígbà tí oníbàárà bá gbé jọ́ọ̀bù wá, ṣé ọjà ni ẹ ń tà fún un, àbí iṣẹ́ ni ẹ ń bá a ṣe? Àwọn adájọ́ ti jiyàn lórí rẹ̀ tipẹ́. Ní 1856, nínú ẹjọ́ Clay àti Yates, òǹtẹ̀wé kan gbà láti tẹ ìwé kan. Oníwèé wá mú ọ̀rọ̀ ìyàsímímọ́ wá láti fi síwájú ìwé náà. Òǹtẹ̀wé kà á, ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìbanilórúkọjẹ́ ni, ó ní òun kò ní tẹ̀ ẹ́. Oníwèé ní bí kò bá tẹ̀ ẹ́, òun kò ní sanwó ìyókù. Kóòtù ní kí ó sanwó ohun tí wọ́n ti tẹ̀. Wọ́n ní títẹ ìwé jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú ohun èlò, kì í ṣe ọjà títà. Inú mi máa ń dùn sí ẹjọ́ yẹn nítorí pé ó fún òǹtẹ̀wé lágbára láti sọ pé rárá. Bí ìwé ìpolówó olóṣèlú kan bá ní irọ́ nínú tí ó lè kó gbogbo yín dé kóòtù, ẹ lè kọ apá ibẹ̀, kí ẹ sì gba owó èyí tí ẹ ti ṣe.

Ẹ̀tọ́ mìíràn tún wà tí ó dàgbà ju èyí lọ. Ní 1814, nínú ẹjọ́ Blake àti Nicholson, kóòtù ní òǹtẹ̀wé lè di ẹ̀dà tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ mú títí tí oníwèé yóò fi san gbogbo owó iṣẹ́ náà, títí kan ti àwọn ẹ̀dà tí ó ti kọ́kọ́ kó lọ. Ẹ̀tọ́ yẹn wà lọ́wọ́ yín bí iṣẹ́ bá ṣì wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ti jẹ́ kí ó gbé e wọ mọ́tò pẹ̀lú "màá ṣe tírańsífà tí mo bá délé," ẹ̀tọ́ náà ti bá mọ́tò lọ. Ẹ sì rántí pé ìdìmú ni òfin fún yín. Kò ní kí ẹ dá a tà lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀tọ́ àtitún ọjà tà wà fún ẹni tí ó ń ta ọjà gan-an, bí ó bá ti kọ́kọ́ sọ fún olùrà, tí ó sì fún un ní àkókò tí ó tọ́. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ ṣá: ta ni ó fẹ́ ra pósítà olùdíje tí ìbò ti gbé ṣubú? Ta ni ó fẹ́ ra káàdì ìgbéyàwó ọmọ ẹlòmíràn? Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àsansílẹ̀ tí ó bá lè bo bébà, ínkì àti pléètì ni ààbò yín. Kóòtù kò lè sọ pósítà àná di owó.

Ẹ má sì jẹ́ kí oníbàárà tàbí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ lórí ìwé. Ẹni tí ó ra ẹ̀dà kan ra bébà àti ínkì rẹ̀. Ẹ̀tọ́ àtitẹ̀ ẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tàbí akéde, Copyright Act 2022 sì ní ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn fún ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ láìgbàṣẹ. Mo mọ ibi tí mo wà, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá ku ohun tí kì í ṣe ti ẹni tí ó ń tà á. Ìpìlẹ̀ òfin níbẹ̀ le bí àpáta: kò sí ẹni tí ó lè fúnni ní ohun tí kò ní. Bí wọ́n bá jí fóònù ní Bàrígà lówùúrọ̀, tí ó sì ti gba ọwọ́ ẹni mẹ́rin kọjá kí ó tó di alẹ́, tí ẹni ìkẹrin sanwó pé, tí ó gba rísíìtì, tí ọkàn rẹ̀ sì mọ́, fóònù náà ṣì jẹ́ ti ẹni tí wọ́n jí i lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ẹni ìkẹrin ní ni ẹ̀tọ́ lórí ẹni tí ó tà á fún un. Kóòtù wa níbí ti sọ bẹ́ẹ̀ ní 1950 nínú ẹjọ́ Akoshile àti Ogidan: mọ́tò jíjí ni, olùrà sì gba owó rẹ̀ padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ẹjọ́ Rowland àti Divall ti 1923, olùrà ti wa mọ́tò náà fún oṣù mélòó kan kí ọlọ́pàá tó gbà á. Wọ́n dá gbogbo owó rẹ̀ padà fún un, wọn kò yọ kọ́bọ̀ fún wíwà tí ó ti wà á, nítorí ohun tí ó sanwó fún ni kí mọ́tò di tirẹ̀, kò sì di tirẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Rísíìtì tí ó ní orúkọ àti àdírẹ́sì tòótọ́ ni yóò jẹ́ kí ẹ rí ẹni tí ẹ máa mú. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sórí rísíìtì, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú ńkọ́? Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Olè kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín tí òfin mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ fọwọ́ ara yín gbé ọjà fún, nítorí àlẹ́ẹ̀tì tí ó fi tàn yín, ti gba ìní tí ó lè bàjẹ́: ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ẹ ó fi fagi lé e. Bí ó bá ta ọjà fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́ kí ẹ tó fagi lé e, ọjà ti lọ, onítọ̀hún ló ni ín. Nínú ẹjọ́ Caldwell tí wọ́n dá ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1960, wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó lẹ́yìn gba mọ́tò Jaguar lọ́wọ́ ọkùnrin kan. Kò rí oníjìbìtì náà mọ́, ṣùgbọ́n ó sáré sọ fún ọlọ́pàá àti ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n bá òun wá mọ́tò òun. Kóòtù ní ìyẹn ti tó láti fagi lé títà náà, ó sì jàre ẹni tí ó rà á lẹ́yìn náà. Ẹ kò ní láti rí oníjìbìtì kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ní wákàtí tí ẹ bá mọ̀ pé owó kò wọlé, ẹ gba tésàn lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí aago hàn lórí ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ háyápọ́ọ̀ṣì kan ẹ̀yin awakọ̀ dánfó àti kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Olówó ra mọ́tò, ó gbé e fún awakọ̀, awakọ̀ ń sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọjọ́ tí owó bá pé ni mọ́tò di tirẹ̀. Títí di ọjọ́ yẹn, ti olówó ni. Awakọ̀ kò lè tà á, kò sì lè fi ṣe ìdúró. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dá a bẹ́ẹ̀ ní 1895, nínú ẹjọ́ Helby àti Matthews, lórí dùùrù kan tí wọ́n fẹ́ san fún ní ìgbà 36, tí ẹni tí ó gbà á sì gbé e lọ fi yáwó lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Oníyàáwó pàdánù.

Ṣùgbọ́n olówó náà kì í ṣe ọba. Hire Purchase Act ti 1965, òfin Nàìjíríà, ní kí àdéhùn wà nínú ìwé, kí ẹni tí ó gba mọ́tò fọwọ́ sí i, kí iye tí mọ́tò náà jẹ́ bí èèyàn bá fẹ́ rà á lẹ́ẹ̀kan náà sì hàn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo awakọ̀ mọ̀ lórí: bí o bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó mọ́tò, olówó kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á padà àfi nípasẹ̀ kóòtù. Bí gbogbo owó bá jẹ́ mílíọ̀nù 5 náírà, tí o ti san mílíọ̀nù 3, àwọn géńdé tí ó wá já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ lójú ọ̀nà Fádéyí ń rú òfin, o sì lè gba gbogbo ohun tí o ti san padà. Àyè kan tí òfin fún olówó ni pé bí o bá ti jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè gbé mọ́tò lọ sí ọgbà rẹ̀ kí ó má baà bàjẹ́, kí ó sì dúró de ìdájọ́ níbẹ̀. Kò lè tà á.

Ilẹ̀ kò sí nínú gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀. Òfin 1893 kò kàn án, ìfẹnukò nìkan kò sì lè gbé e. Lábẹ́ àṣà wa, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1951, nínú ẹjọ́ Ogunbambi àti Abowaba: owó gbọ́dọ̀ kọjá, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́wọ́ olùrà, ẹlẹ́rìí sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ti 1959 ni ẹ máa dì mú. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá a tà láìsí olórí ẹbí, òfo ni láti ìpìlẹ̀. Bí olórí ẹbí bá tà á láìsí àwọn àgbà ẹbí, títà náà ń mí, ṣùgbọ́n àwọn àgbà lè lọ sí kóòtù kí wọ́n sì pa á. Lẹ́yìn Land Use Act ti ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1978, ìfọwọ́sí gómìnà tún wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó ní rísíìtì ẹbí nìkan ní Bàrígà, tí ó sì ti kọ́lé sórí rẹ̀, kò tíì dé ibi tí ó ń lọ. Kí ó wá lọ́yà, kí ó ṣe àyẹ̀wò ní Aláùsá kí ó tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn náà. Òfin Èkó ti 2016 lórí ààbò dúkìá ti sọ títa ilẹ̀ tí a ti tà tẹ́lẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n bá rán olùtà kì í dá owó yín padà o.

Ó ku ìkìlọ̀ tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri: "A kì í dá owó padà lẹ́yìn tí a bá ti gbà á." Òfin ní ọjà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe rẹ̀ mu, kí ó bá sáńpù tí olùrà rí mu, kí ó sì ṣeé lò fún ohun tí olùrà sọ fún olùtà pé òun fẹ́ fi ṣe. Òǹtẹ̀wé tí ó bá fi àwọ̀ kan han oníbàárà, tí oníbàárà fọwọ́ sí i, tí ó wá tẹ òmíràn jáde, ìwé ara ògiri kò lè gbà á. Ìjọba àpapọ̀ tún ti fi ti ẹ̀ lé e pẹ̀lú Federal Competition and Consumer Protection Act ti 2018. Àjọ tí ó ń mú un ṣẹ sì ti sọ ní gbangba pé irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ kò bófin mu.

Bí ìjà bá dé, ẹ má kọ́kọ́ rò pé ọdún mẹ́wàá ní kóòtù ló kù. Ìpínlẹ̀ Èkó ní ibi ìlàjà tí wọ́n ń pè ní Citizens' Mediation Centre, ọ̀fẹ́ ni. Láti 2018, wọ́n ti dá kóòtù fún gbèsè kéékèèké sílẹ̀ lábẹ́ àwọn kóòtù májísíréètì. Gbèsè tí iye rẹ̀ hàn kedere, tí kò kọjá mílíọ̀nù 5 náírà, ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́tà béèrè owó yín, ẹ lè dá sọ̀rọ̀ láìsí lọ́yà, ètò wọn sì ni pé kí gbogbo rẹ̀ parí láàárín ọjọ́ 60. Ẹ má sì sùn lé ẹ̀tọ́ yín. Ọdún mẹ́fà ni òfin fún ẹjọ́ àdéhùn lásán. Lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn kóòtù ti tì.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún ẹ̀yin òǹtẹ̀wé. Ẹ̀yin lẹ ń tẹ ìwé rísíìtì fún ṣọ́ọ̀bù àti ilé iṣẹ́ káàkiri Èkó, ẹ̀yin lẹ sì ń yan ọ̀rọ̀ tí ó máa wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Láti 1976, nígbà tí kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ Romalpa, ni àwọn oníṣòwò lágbàáyé ti mọ agbára gbólóhùn tí ó fi ìní pamọ́ sọ́wọ́ olùtà títí owó yóò fi pé. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ìkìlọ̀ tí kò bófin mu ni à ń tẹ̀ sísàlẹ̀ rísíìtì wa? Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ fi ìlà méjì rọ́pò rẹ̀: "Ọjà yìí kò tíì di ti olùrà títí owó rẹ̀ yóò fi pé. Láti ìgbà tí ó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wa, olùrà ló ni òfò rẹ̀." Bí oníbàárà bá béèrè ìdí rẹ̀, ẹ ṣàlàyé fún un. Bí kò bá sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó sọ èyí tí ó fẹ́, kí ẹ tẹ ìyẹn fún un. Ẹ ṣe é nínú jọ́ọ̀bù rísíìtì tí ó bá kọ́kọ́ wọlé lọ́la.